Orí Kẹrin: Wíwá Àlùmọ́ọ́nì Nínú Oko Olóko

Ìwádìí àlùmọ́ọ́nì àti ìwakùsà kì í ṣe ohun kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ ará abúlé fi ń wo àwọn méjèèjì. Ìwádìí ni gbogbo iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ jíọ́lọ́jì, ìyẹn àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀, máa ń ṣe láti mọ̀ bóyá wúrà, lítíọ́mù tàbí ohun mìíràn wà lábẹ́ ilẹ̀ kan, bí ó ṣe pọ̀ tó, àti bóyá owó tí yóò ti ibẹ̀ wá yóò ju owó tí wọn yóò fi wà á lọ. Ìwakùsà ni wíwa ohun náà jáde nígbà tí ìdáhùn bá dára. Ìdáhùn kì í sábà dára. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi tí wọ́n ti ṣèwádìí káàkiri ayé, kò sí kùsà kankan tó ti ibẹ̀ jáde, àwọn aṣèwádìí kàn kó ẹrù wọn ni, wọ́n sì lọ. Nítorí èyí, ìwádìí nìkan ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ yóò mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àlùmọ́ọ́nì láyé wọn, kò sí iṣẹ́ oṣù tàbí ọ̀nà ọ̀dà tí yóò tẹ̀lé e, tí ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ gbójú fo kòtò tí wọn kò dí. Ìlànà tí orí yìí dúró lé ni pé kí ẹgbẹ́ aṣèwádìí máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò ní padà wá wa ohunkóhun níbẹ̀ láéláé, kí ó sì gbà pé ipò tí ó bá fi oko sílẹ̀ sí ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ni a ti mú àpẹẹrẹ orí yìí. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kùsà wúrà Segilola bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè wúrà ní 2021. Ní agbègbè Ìjerò-Èkìtì, ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé òkúta pẹ́gímátáìtì wà níbẹ̀, èyí tí í ṣe òkúta oníhóró ńláńlá tí ó lè gbé lítíọ́mù, tánganran àti tàńtáláìtì sínú. Orí ilẹ̀ kan náà ni kòkó, obì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu àti ẹ̀gẹ́ wà, pẹ̀lú àwọn tí baba baba wọn gbin igi tí wọ́n ń ká lónìí.

Ohun tí òfin sọ àti ohun tí kò sọ

Òfin Ohun Àlùmọ́ọ́nì àti Ìwakùsà ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní 2007, fi gbogbo àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ẹni yòówù kí ó ni ojú ilẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ní tirẹ̀ fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Àárín òfin méjèèjì yìí ni àgbẹ̀ dúró sí, ẹni tí ó ni igi, tí ó ni ebè, tí ó sì ni ilé abà, ṣùgbọ́n tí kò ni ohun tó wà nísàlẹ̀ wọn.

Ìwé àṣẹ méjì ló kan ìwádìí. Èkíní ni ìwé àṣẹ àyẹ̀wò ojú ilẹ̀, tí ó wà fún ọdún kan, tí ẹlòmíràn náà lè gbà lórí ilẹ̀ kan náà, tí kò sì fàyè gba lílu ilẹ̀ tàbí gbígbẹ́ kòtò. Èkejì ni ìwé àṣẹ ìwádìí gan-an, tí ó jẹ́ ti ẹni tó gbà á nìkan, lórí ilẹ̀ tí kò gbọdọ̀ ju 200 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Ọdún 3 ni, wọ́n sì lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì fún ọdún 2 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ́fíìsì Mining Cadastre ti ìjọba àpapọ̀ ló ń fúnni ní méjèèjì. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ abúlé àti abà mọ́ra, kí àwọn olùgbé wọn má sì mọ̀ pé orúkọ ilé iṣẹ́ kan ti wà lórí ilẹ̀ wọn nínú àwòrán ìjọba.

Òfin 2007 kò gbàgbé àgbẹ̀ pátápátá. Ó ní kí wọ́n fi tó ẹni tó ni ilẹ̀ tàbí ẹni tó ń lò ó létí, kí ó sì fọwọ́ sí i kí ìwé àṣẹ tó jáde; ó yọ ìlú, abúlé, ọjà, itẹ́ òkú àti ojúbọ kúrò nínú ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè ṣiṣẹ́ lé lórí; ó ka pípa igi tí àwọn ènìyàn ń bọ lára sí èèwọ̀; ó sì sọ ọ́ di dandan fún aṣèwádìí kí ó tún ilẹ̀ ṣe, kí ó sì san owó ohun tí ó bá bàjẹ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ kù sí ni Abala 116, tí ó pàṣẹ àdéhùn ìdàgbàsókè ìlú, ìyẹn ìwé tí ilé iṣẹ́ fi ń ṣèlérí ohun tí yóò ṣe fún àwọn tó gbà á lálejò. Àwọn tó ní ìwé àṣẹ ìwakùsà tàbí ti fífọ́ òkúta ni abala náà dè mọ́lẹ̀. Kò dárúkọ ẹni tí ó ṣì wà lẹ́nu ìwádìí. Aṣèwádìí tó bá fẹ́ fi èyí sá lábẹ́ òfin yóò rí àyè sá. Ẹni tó gbọ́n yóò kọ àdéhùn kékeré kan ní tirẹ̀, ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta, ní èdè Yorùbá, kí ìsọ̀rí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹni tó ni igi

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹgbẹ́ aṣèwádìí kí ọba, kí ó gbé obì àti ọtí lọ sí ààfin, kí ó sì rò pé òun ti gba àṣẹ. Ìkíni ni ìkíni. Ọba tàbí baálẹ̀ lè gba àlejò tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì yẹ kí ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ oko ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá jẹ́ ti ẹbí, olórí ẹbí kò sì gbọdọ̀ dá a fi sílẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí tó kù mọ̀ sí i. Lábẹ́ ẹbí náà ni ẹni tó ń ro ilẹ̀ wà, ó sì lè má jẹ́ ọmọ ẹbí rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí nípọn jù lọ nínú oko kòkó. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kòkó ló jẹ́ àtọ̀húnrìnwá tí baba wọn gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, tí wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un lọ́dọọdún. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, onílẹ̀ ló ni ilẹ̀, àgbẹ̀ ló sì ni igi tí ó gbìn, àwọn méjèèjì sì mọ èyí láìsí ìwé kankan. Bí ẹgbẹ́ aṣèwádìí bá san owó igi kòkó fún onílẹ̀ nítorí pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n gbọ́ ní ààfin, ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹbí méjì tí kò ní bá a kúrò níbẹ̀. Bí ó bá sì san owó ìlò ilẹ̀ fún àgbẹ̀ tí kò fi tó onílẹ̀ létí, onílẹ̀ lè rò pé àlejò òun ti ń ta ilẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Nítorí náà, ìwé méjì ló yẹ kí ó wà fún oko kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ilẹ̀, ọ̀kan fún ohun tó wà lórí rẹ̀, kí onílẹ̀ àti olóko sì jọ jókòó nígbà tí wọn yóò bá ka ìwé méjèèjì.

Àwọn mìíràn wà tí wọn kì í sí nínú ìpàdé àfi bí wọ́n bá lọ wá wọn kàn: àwọn obìnrin tó yá etí odò gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀rùn, àwọn lébìrà, pàápàá àwọn Ìgbìrà àti Àgàtú, tí wọ́n ń gbé inú abà tí wọ́n sì ń mu omi ìṣàn tó wà níbẹ̀, àwọn Fúlàní darandaran tí ọ̀nà màlúù wọn gba ibẹ̀ kọjá, àti àwọn ọdẹ. Ti ọdẹ ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ jíọ́lọ́jì ṣe rò lọ, nítorí òru ni wọ́n ń rìn. Kòtò tí àgbẹ̀ rí lọ́sàn-án, ọdẹ kò rí i lóru, bẹ́ẹ̀ ni tàkúté tí ọdẹ dẹ sí ojú ọ̀nà kékeré kò hàn sí onímọ̀ jíọ́lọ́jì tó ń wo GPS ọwọ́ rẹ̀. Kí wọ́n bá olórí ọdẹ sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọ igbó, kí wọ́n sì gba ọ̀kan nínú wọn ṣe atọ́nà, yóò dín ewu kù fún tọ̀tún tòsì.

Ìpàdé

Ọjọ́ ìpàdé kò gbọdọ̀ bọ́ sí ọjọ́ ọjà, tàbí ọjọ́ tí orò máa jáde, nígbà tí obìnrin kò ní lè rìn ní ìta. Kí wọ́n má fi í sí àárín ìkórè kòkó, láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kejìlá, nígbà tí ẹni tó bá wá yóò máa ro ti kòkó tó ń rà sílẹ̀. Ó dára kí wọ́n tún bá àwọn obìnrin jókòó lọ́tọ̀ lẹ́yìn ìpàdé gbogbo gbòò, nítorí pé àwọn ló mọ ìsun omi tí kì í gbẹ, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í jáde nígbà tí àwọn àgbà ọkùnrin bá ń fèsì fún gbogbo ilé.

Ohun tí ó yẹ kí aṣèwádìí sọ kò pọ̀: ẹni tí òun jẹ́, ìwé àṣẹ tí òun ní, ohun tí òun ń wá, ohun tí yóò ṣe sí ilẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí, iye tí yóò san bí nǹkan bá bàjẹ́, àti ẹni tí wọn yóò pè bí ìjà bá ṣẹlẹ̀. Ohun tí kò gbọdọ̀ sọ ló le jù. Kò gbọdọ̀ ṣèlérí iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, kànga ẹ̀rọ fún abúlé tàbí ọ̀nà fún ìlú, nítorí ìlérí wọ̀nyí dúró lórí kùsà tí ó ṣeé ṣe kí ó má wà. Bí wọ́n bá bi í léèrè pé, "Bí ẹ bá rí wúrà ńkọ́?", ìdáhùn òtítọ́ ni pé yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ̀ bóyá èyí tí wọ́n rí ṣeé wà, àti pé ìwé àṣẹ mìíràn, àdéhùn mìíràn àti ìpàdé mìíràn ni yóò ṣáájú rẹ̀. Kí àwọn ará abúlé ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rò ó. Àṣẹ tí wọ́n fi ìkánjú gbà ní ọjọ́ kan kì í pẹ́ kí wọ́n tó gbà á padà.

Àmì ara igi àti àpò iyẹ̀pẹ̀

Apá àkọ́kọ́ ìwádìí kò fọwọ́ kan oko rárá. Àjọ Nigerian Geological Survey Agency ti fi ọkọ̀ òfuurufú wọn agbára òòfà àti ìtànṣán òkúta káàkiri Nàìjíríà ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ọ̀rúndún yìí, ó sì ń ta àwòrán rẹ̀. Ẹni tó bá ka àwòrán wọ̀nyí dáadáa lè yọ ìdá púpọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀ kúrò kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ pápá.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa ń bu iyanrìn ìsàlẹ̀ odò, nítorí odò ti bá wọn kó iyẹ̀pẹ̀ gbogbo òkè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jọ síbì kan. Iyẹ̀pẹ̀ oko ló tẹ̀lé e: wọ́n ń fi irin ìlulẹ̀ ọwọ́ gbẹ́ ihò tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tí kì í sì í jìn ju ìdajì mítà lọ, wọ́n ń bu kìlógíráàmù kan tàbí méjì sínú àpò, wọ́n sì ń dí i padà. Ní ibi tí iyẹ̀pẹ̀ bá nípọn, òkìtì ọ̀gán lè ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí ikán máa ń gbé iyẹ̀pẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀. Díẹ̀ lára òkìtì náà ti tó, kò sí ìdí láti wó o. Olú máa ń hù lẹ́bàá òkìtì bẹ́ẹ̀ nígbà òjò, àwọn obìnrin abà sì mọ èyí tó ń mú olú jáde lọ́dọọdún. Kí wọ́n béèrè.

Ohun kékeré kan ló sábà ń bí ìfura ní ìpele yìí: ọ̀já aláwọ̀ tí wọ́n ń so mọ́ igi láti fi mọ ojú ìlà. Lójú àgbẹ̀, ohun tí àjèjì so mọ́ igi nínú oko ẹlòmíràn lè jọ ààlè, ìyẹn àmì tí olóko fi ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohun tó wà níbẹ̀; ó sì lè jọ àmì pupa tí ìjọba máa ń kọ sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Kí wọ́n fi ọ̀já náà han gbogbo ènìyàn ní ìpàdé, kí wọ́n sọ ohun tó wà fún, kí wọ́n má kan ìṣó mọ́ igi tó ń so èso, kí wọ́n má sì so ohunkóhun mọ́ pèrègún, nítorí pèrègún lè jẹ́ ààlà láàárín ẹbí méjì, ó sì lè jẹ́ àmì ojúbọ. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí ni kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀.

Àpò iyẹ̀pẹ̀ tó ń kúrò lábúlé ló máa ń tàn ìròyìn pé wọ́n ti ń kó wúrà lọ. Ìṣírò ló dára jù láti fi pa iná yìí. Bí iyẹ̀pẹ̀ kan bá ní ìdá 50 wúrà nínú bílíọ̀nù ìdá, ìwọ̀n tí yóò mú inú aṣèwádìí dùn, wúrà tó wà nínú àpò kìlógíráàmù 2 kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mílígíráàmù lọ, kò tó ohun tí ènìyàn lè fi ojú rí. Ìròyìn náà léwu, torí pé ó lè pe àwọn awakùsà tí kò ní ìwé àṣẹ wá ní òru kan, ó sì lè mú kí àwọn ọlọ́jà ilẹ̀ máa rọ́ wá bá olórí ẹbí. Ọ̀nà kan tó dára ni kí wọ́n pín iyẹ̀pẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí méjì lójú olóko, kí apá kan wà ní ìpamọ́ lábúlé, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò tirẹ̀. Kí wọ́n má sì fọ́ òkúta kankan nínú agboolé. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ni májèlé òjé pa, nítorí pé òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú ilé ní òjé nínú. Iṣẹ́ awakùsà ni èyí, kì í ṣe ti aṣèwádìí, ṣùgbọ́n eruku kò mọ ìyàtọ̀.

Kòtò gbọọrọ

Bí iyẹ̀pẹ̀ bá tọ́ka sí ibì kan, wọ́n lè fẹ́ gbẹ́ kòtò gbọọrọ tí yóò dé orí òkúta, kí wọ́n lè rí iṣan òkúta náà. Ibí ni ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oko, ó sì yẹ kí wọ́n dúró wò ó dáadáa.

Nínú oko kòkó tí wọ́n gbìn ní mítà 3 sí mítà 3, igi bí 1,111 ló wà nínú hẹ́kítà kan. Kòtò tí ó fẹ̀ ní mítà kan lè gba àárín ẹsẹ̀ igi méjì kọjá, tí mítà kan yóò sì kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n katapílà kò lè wọ ibẹ̀ láì wó igi. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, kí wọ́n sì gba àwọn ọ̀dọ́ abà sí iṣẹ́ náà. Bí igi kò tilẹ̀ wó, gbòǹgbò rẹ̀ lè gé: òkè ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ gbòǹgbò tí kòkó fi ń jẹun wà, nínú nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 àkọ́kọ́. Igi tí wọ́n gé gbòǹgbò rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan lè dúró, kí ó sì so díẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé e, nítorí náà kí wọ́n kọ orúkọ irú igi bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, kí wọ́n má kàn ka èyí tó kú nìkan.

Iyẹ̀pẹ̀ òkè, èyí tó dúdú tó sì lọ́ràá, gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ sí iyẹ̀pẹ̀ pupa tàbí funfun ìsàlẹ̀. Kí wọ́n kó tòkè sí apá kan, kí wọ́n kó tìsàlẹ̀ sí apá kejì, kí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí taápólì bo tòkè kí òjò má bàa wọ́ ọ lọ, nígbà tí wọ́n bá sì ń dí i, kí tìsàlẹ̀ padà sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí tòkè wá kẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tí ó bá dà wọ́n pọ̀ yóò fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ kò ní lè ta dáadáa níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àgbẹ̀ tó bá rìn kọjá yóò sì mọ ibẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, nítorí ọ̀gbìn ibẹ̀ yóò pọ́n.

Kí kòtò tí ó jìn ju mítà kan lọ má ṣe wà láìsí ọgbà yí i ká àti àmì lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá jìn ju ìyẹn lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ya lu ẹni tó wà nínú rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò, nítorí náà kí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní dídàgẹ̀rẹ̀ tàbí kí wọ́n fi pákó tì í. Ọjọ́ mélòó kan ló yẹ kí kòtò ṣí sílẹ̀: kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kí wọ́n yàwòrán rẹ̀, kí wọ́n bu òkúta, kí wọ́n dí i, kí wọ́n tó gbẹ́ òmíràn.

Etí odò tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní àkùrọ̀ nílò àmójútó tirẹ̀. Wúrà tí omi kó jọ sábà máa ń wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni ẹ̀fọ́ ìgbà ẹ̀rùn ti ń wá. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ sí àkùrọ̀ máa ń kún fún omi, bí wọ́n bá sì da ẹrẹ̀ rẹ̀ sódò, àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ odò ló máa mu ún. Odò Ọ̀ṣun, tí ó gba inú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kọjá, igbó tí UNESCO fi sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ti di ẹlẹ́rẹ̀ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ẹ̀sùn rẹ̀ sì wà lọ́rùn àwọn tó ń wa wúrà lápá òkè odò. Ní àkùrọ̀, irin ìlulẹ̀ ọwọ́ dára ju kòtò lọ.

Lílu ilẹ̀

Ẹ̀rọ ìlulẹ̀ jọ èyí tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n òkúta ni wọ́n ń fi í yọ. Ihò rẹ̀ kéré, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 ní fífẹ̀. Ohun tó ń ba oko jẹ́ ni àyè tí ẹ̀rọ dúró sí àti ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀. Bí ẹ̀rọ ńlá bá nílò àyè mítà 15 sí mítà 20, igi kòkó bí 33 ni yóò wó. Bí wọ́n bá wá la ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà 4 wọ inú oko fún ìdajì kìlómítà, igi tí yóò bá a lọ yóò ju 220 lọ. Ọ̀nà ló ń jẹ oko ju ihò lọ, òun sì ni ọ̀pọ̀ ètò iṣẹ́ kì í kọ sílẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹ̀rọ kékeré wà tí wọ́n lè tú sí wẹ́wẹ́, kí àwọn ènìyàn rù ú gba ọ̀nà oko wọlé, tí àyè tí ó nílò lè má ju mítà 5 níbùú àti lóròó lọ. Ìkejì ni pé ihò kò pọn dandan kó dúró ṣánṣán. Bí wọ́n bá lù ú ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n 60 sí ojú ilẹ̀, wọ́n lè sún ẹ̀rọ mítà 30 sẹ́yìn, sí orí ọ̀nà tó ti wà tẹ́lẹ̀ tàbí sí ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi, kí wọ́n sì tún dé abẹ́ oko kan náà ní jíjìn bíi mítà 52. Kí onímọ̀ jíọ́lọ́jì tó sọ pé dandan ni kí òun wó igi, kí wọ́n ní kó fi ìṣírò yìí hàn.

Omi ni ìṣòro kejì. Ẹ̀rọ tí ń yọ òkúta ní odidi máa ń mu omi púpọ̀, ìgbà ẹ̀rùn tí ọ̀nà gbẹ, tí ó rọrùn fún ẹ̀rọ, ni ìṣàn abúlé náà ń gbẹ. Kí wọ́n fi táńkà gbé omi wá láti ibòmíràn, kí wọ́n sì máa lo omi náà ní àlòtúnlò láti inú kòtò tí wọ́n tẹ́ taápólì sí. Epo dísù àti ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà lórí àwo tí ń gba èyí tó bá dà. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n bu omi kànga àti ìṣàn tó wà nítòsí, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì fi èsì rẹ̀ sọ́wọ́ abúlé, nítorí pé láìsí ìwé yìí, bí omi bá yí padà, ilé iṣẹ́ kò ní ẹ̀rí láti fi wẹ ara rẹ̀ mọ́, abúlé náà kò sì ní ẹ̀rí láti fi gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nígbà tí ihò bá parí, kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí i, kí wọ́n gé páìpù rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ibi tí ọkọ́ lè dé, kí ó má bàa ṣẹ́ ọkọ́ ẹni tó ń kọ ebè ní ọdún mẹ́wàá sí i.

Owó ohun tó bàjẹ́

Ìpínlẹ̀ máa ń ní ìwé iye owó igi tí wọ́n fi ń san owó gbà-má-bìínú, irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì lè pẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe, nígbà tí ọjà kò dúró dè é. Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, ìwé tí wọ́n ti kọ tipẹ́ kò sì lè mọ èyí. Ìlànà tó tọ́ ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti iye ọjà ọdún tí igi wó, kí wọ́n má sì san owó igi nìkan: kòkó tuntun máa ń gba ọdún 3 sí 5 kí ó tó so, nítorí náà owó èso ọdún wọ̀nyí, owó ọmọ igi tuntun àti owó iṣẹ́ gbígbìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá dúró kí ìkórè parí, ó lè máà sí ohun tí wọn yóò san rárá.

Kí wọ́n ka igi lójú olóko kí wọ́n tó wó o, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sínú ìwé tí wọn yóò kà sókè ní Yorùbá, kí ẹni tí kò mọ̀wé tẹ̀ka, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Owó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ olóko kí àdá tó kan igi. Sísan án lẹ́yìn iṣẹ́ ni orísun ìjà tó pọ̀ jù, nítorí igi tó ti wó kò ṣeé kà mọ́, olúkúlùkù á sì mú iye tirẹ̀ wá.

Nígbà tí wọ́n bá ń kúrò

Kòtò tí wọ́n dí nígbà ẹ̀rùn máa ń rì nígbà òjò. Nítorí náà iṣẹ́ kò parí lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ kúrò. Kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ náà padà wá lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ ọdún tó tẹ̀lé e, pẹ̀lú olóko àti atọ́nà, kí wọ́n rìn dé ibi gbogbo tí wọ́n ti gbẹ́, kí wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ kún èyí tó rì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún oko kọ̀ọ̀kan pé ó ti tẹ́ olóko lọ́rùn tàbí kò ì tíì tẹ́ ẹ. Owó ìrìn-àjò yìí ni kí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ilé iṣẹ́ tí kò rí wúrà kì í fẹ́ náwó sí ibi tí ó ti fi sílẹ̀.

Kí wọ́n tún mú èsì wá. Òfin ní kí aṣèwádìí fún ìjọba ní ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tó ní kí abúlé máà gbọ́. Ojú ìwé kan ní Yorùbá, tí ó sọ ibi tí wọ́n lù, bí ihò ṣe jìn tó, ohun tí wọ́n rí àti ìdí tí wọ́n fi ń lọ, pẹ̀lú èsì àyẹ̀wò omi ti ìgbà méjèèjì, ti tó. Bí wọ́n bá kà á sókè ní ìpàdé ìkẹyìn, tí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ọwọ́ baálẹ̀, olórí ẹbí, olórí ọdẹ àti àwọn obìnrin alákùrọ̀, ilé iṣẹ́ mìíràn tó bá tún gba ìwé àṣẹ lórí ilẹ̀ náà lọ́jọ́ iwájú kò ní lè sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó wá rí.